Síǹkì Tí Màámi Fi Ń Ṣe Àlùwàlá

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́ ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ṣẹlẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìkànnì wa yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, màá sọ ọ́.

Èmi àti Màámi la jọ ń gbé ní Agége. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá, wọ́n á fi ọwọ́ òsì di síǹkì ìfọwọ́ tó wà lára ògiri balùwẹ̀ mú, wọ́n á wá gbé ẹsẹ̀ sókè sínú rẹ̀. Mo ra àpótí ìjókòó fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ gbé e fún àwọn arúgbó!

Bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ "gbì!" Mo sáré wọlé. Apá kan síǹkì ti já kúrò lára ògiri, omi ń tú, Màámi wà nílẹ̀. Àyà mi já. Mo béèrè bóyá ìṣubú náà ṣe wọ́n léṣe.

"Ta ló ṣubú? Mo jókòó ni."

Ọlọ́run ṣeun, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé wọn dìde, wọ́n gbọn omi kúrò lára aṣọ wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá mọ́tò, pé àárọ̀ ọ̀la làwọn ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní búùtà àlùwàlá tó wà níbẹ̀ kì í já bọ́ lára ògiri.

Ta ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Kò sí ẹnì kankan! Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ilé yẹn ti ṣófo, kànga ló sì wà lẹ́yìnkùlé. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n dá gbé ibẹ̀. Mi ò sì lè bá wọn jiyàn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀bi mi ni. Síǹkì yẹn ti ń mì tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi sìmẹ́ǹtì funfun dí etí rẹ̀, tí mo nù ún dán. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ọjà wò nílé iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì! Ìdérí ike tí kò bá dé dáadáa, mi ò ní jẹ́ kó kọjá. Kí ló dé tí mo jẹ́ kí ti ilé kọjá?

Mo ti omi pa, mo tú síǹkì sílẹ̀, mo ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò. Ẹ̀yin èèyàn mi! Igi ni púlọ́ńbà tó de síǹkì náà gbẹ́ kì sínú ihò kó tó de súkúrù mọ́ ọn. Igi, nínú balùwẹ̀! Ó ti rà, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.

Mo mú súkúrù náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣẹ́gun tó ń ta irinṣẹ́ ìkọ́lé ní òpópónà wa. Mo béèrè fíṣà, ìyẹn ike tí wọ́n ń kì sínú ihò kí súkúrù lè di ògiri mú. Wọn ò tà á fún mi. Wọ́n bi mí bí ògiri mi ṣe ń dún.

"Ògiri máa ń dún ni, Bàbá?"

"Háà! Àǹtí, ẹ fẹ́ fẹ́ ẹni tẹ́ ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀? Ẹ lọ fi ìka gbá a wò ná."

Mo padà sílé, mo gbá a. Ó dún bí agolo òfìfo. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni! Nígbà tí mo padà lọ jíṣẹ́, Bàbá Ṣẹ́gun ṣàlàyé pé fíṣà ò ní rí nǹkan dì mú nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n ra bóòtù gígùn méjì tó máa gba inú ògiri já sí òdìkejì, kí n fi irin pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn, kí n tó de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Òdìkejì ọ̀hún, yàrá mi ni. Kí ló kàn mí? Kó yọ síbẹ̀!

Wọ́n yá mi ní dírìlì, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí n rọra, kí táìsì má bàa là. Mo wọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi bírò sàmì sí i, mo lu ihò náà. Eruku bo bẹ́ẹ̀dì mi! Màámi jókòó sí pálọ̀, aṣọ ni wọ́n ń ká sínú báàgì. Nígbà tí ìrun Àìlà tó, búùtà ni wọ́n fi ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo di apá wọn mú.

Nígbà tí mo de síǹkì tán, mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára táìsì lábẹ́ rẹ̀, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé síǹkì náà, mo lọ se ẹ̀wà mi. Nígbà tí ẹ̀wà jinná, mo padà lọ wò ó. Síǹkì ò kúrò lójú ìlà rárá!

Ìrun Àlàásárì tó. Mo dúró lẹ́yìn Màámi. Wọ́n fi ìka kan síǹkì, wọ́n tì í, wọ́n fà á, wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Kò mì. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ohun tó bá ń mì lára ògiri, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì bo ojú rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ wo ohun tó dì í mú nínú, pàápàá bí àgbàlagbà bá ń fara tì í. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti já lára ògiri tiyín rí, báwo lẹ sì ṣe tún un ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni màá kà.

Màámi ṣì wà nínú balùwẹ̀ nígbà tí mo ń kó irinṣẹ́ kúrò. Mo fẹ́ béèrè bóyá kí n ṣì wá mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rù bà mí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

"Àṣàbí, irin tá à ń fi táwẹ̀lì kọ́ yìí náà ń mì o. Ọ̀la ni kó o bá mi ṣe tiẹ̀."