Tíṣà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lè Lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Àkúrẹ́ ò tíì fẹ̀ tó báyìí, kò sí tíṣà tí a fẹ́ràn tó bàbá tó ń kọ́ wa ní ìṣirò. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin náà á fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó mọ àwọn òbí wa. Bí ara ọmọ kan bá gbóná, òun ni yóò gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe fún wa: kì í kọ́ wa ní ìṣirò.

Yóò wọlé, yóò kọ àkọlé sójú pátákó, yóò ní kí á ṣí ìwé wa. Lẹ́yìn náà yóò jókòó, yóò máa sọ ìtàn ọdún tí ẹfọ̀n wọ oko bàbá rẹ̀, a ó máa rẹ́rìn-ín títí agogo yóò fi lù. Ìjọba ti fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò sí pírísípà tó lè lé e, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé kíláàsì kẹrin, wọ́n mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá láti Ìgbàrà-Òkè pé kó máa ràn án lọ́wọ́. Àǹtí ni à ń pè é. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbà á, kò tíì ní lẹ́tà tó fìdí iṣẹ́ múlẹ̀. Láràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá, kì í sì í pẹ́ dé. Ní ọjọ́ kan ó kó wa jáde síta pé kí á wọn òjìji igi àgbọn, kí á fi mọ bí igi náà ṣe ga tó láìgùn ún. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ló kọ́kọ́ rí ìdáhùn. Nọ́ọ̀sì ló wù ú láti jẹ́, inú rẹ̀ sì dùn lọ́jọ́ náà débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Kò ju ọdún kan lọ tí ìjọba fi ní tíṣà ti pọ̀ jù. Àwọn tó dé kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Àǹtí lọ, bàbá tó ń pìtàn ló ṣẹ́ kù.

Ìyá mi, tó ń ránṣọ, dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó lọ bá pírísípà. Mo tẹ̀ lé e.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ ní kó máa lọ, ẹ wá fi ẹni tó ń pìtàn sílẹ̀.”

“Màmá, mo mọ̀,” ni pírísípà fèsì. “Àmọ́ kì í ṣe èmi ni mo gbà á, mi ò sì lè yọ ọ́. Ọwọ́ mi ò ká a.”

Ìyá mi bá ránṣẹ́ sí Àǹtí pé kó máa kọ́ wa nílé. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni èmi àti àwọn ọmọ méjì mìíràn ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbàrà-Òkè ní gbogbo Sátidé, tí Àǹtí ń kọ́ wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò lè bá wa lọ. Sátidé ni gbogbo ilé wọn máa ń lọ sóko.

Bàbá tíṣà wa gbọ́. Ní Sátidé kan, a ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni a rí i tó gun kẹ̀kẹ́ dé, òógùn ti bò ó. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀rù bà wá, a rò pé ìjà ló bá wá.

“Dìde, ọmọ mi,” ló sọ fún un. “Mo wá kọ́ ìṣirò ni.”

Ó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun jáde. Nígbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Àǹtí pé èyí kì í ṣe irú ìṣirò tí wọ́n kọ́ òun láyé ìgbà tòun; wọ́n ti yí i padà tipẹ́, ojú sì ń ti òun láti béèrè. “Mo ń retí pé ẹnìkan á wá wò mí nínú kíláàsì,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó wá.”

Láti ìgbà náà, ohun tó bá kọ́ ní Sátidé ni yóò kọ́ kíláàsì wa ní Mọ́ńdè. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti dé tán. Àwa mẹ́ta tó ń wọ bọ́ọ̀sì yege. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ò yege, ọ̀rẹ́ mi sì wà lára wọn. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò gbà á.

Kò fìgbà kan bú bàbá náà. Nígbà tí bàbá kú, òun ló sunkún jù nínú wa. Lójú ọ̀nà ilé ló sọ fún mi pé, “Èèyàn dáadáa ni. Ká ní wọ́n lè lé e ni, bóyá ì bá ti tètè kọ́ wa.”

Èmi náà di tíṣà ní Oǹdó. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní lẹ́tà tó fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, mo mú un lọ fi han ọ̀rẹ́ mi yìí. Ó kà á, ó kí mi kú oríire. Ó wá bi mí pé, “Ní báyìí tẹ́nikẹ́ni ò lè lé ọ mọ́, ta ni yóò máa yẹ̀ ọ́ wò?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ kíláàsì mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Ní ilé-ìwé aládàáni tí ẹ ń lọ yìí, òbí kan lè fapá jánú láàárọ̀ kí tíṣà ti dẹni tó ń wáṣẹ́ kó tó dìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn tíṣà yín débi pé wọ́n ń fún yín ní máàkì tí ẹ ò ṣiṣẹ́ fún. Ìyẹn náà kọ́ ni mò ń fẹ́. Ó yẹ kí tíṣà lè sùn kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ, mi ò ti ilẹ̀kùn kíláàsì mi rí, kí ẹni tó bá ń kọjá lè dúró gbọ́ ohun tí mò ń sọ.