Ọkọ̀ Pupa Bọ̀dá Nata

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìkàrẹ́ nípa Ìbíyínká aránṣọ, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé òun ni obìnrin tó ń ránṣọ fún ọkọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣọ́ọ̀bù mi kan tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì jọ dàgbà ni. Ojú mi ló ṣe ń fi tapólì rán agbádá fún ọkọ̀ Mẹ̀sí pupa kan tó wà lábẹ́ àtíbàbà nínú ọgbà bàbá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbó, á rán òmíràn. Àwa tí a gbé aṣọ ọdún wá fún un, ká lọ dúró ná.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Nathaniel Abọ́dẹrìn, ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà, ló ni ín. Ọkọ̀ eré ni, irú èyí tí wọn ò ṣe mọ́: ìjókòó méjì péré, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn. Nígbà tí Nata ń ṣe agbaṣẹ́ṣe, gbogbo ọ̀sán Sáńdè ló fi ń wá gbé Ìbíyínká. Wọ́n á gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, gèlè á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọmọbìnrin náà, eruku wọn á bo àwa tó kù. A jowú, ẹ má jẹ́ n parọ́. Ìgbà tó yá, Nata lọ sí Kánádà, ó ní òun ò ní pẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ló fi sílẹ̀ fún Ìbíyínká, kò fi òrùka sílẹ̀.

Ó gbéyàwó níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún un. Síbẹ̀ Ìbíyínká ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ní àràárọ̀ Sátidé, Joseph mẹkáníìkì á wá sítáàtì ọkọ̀ náà kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má baà kú. Ìbíyínká á jókòó lápá ọ̀tún, níbi tó ti ń jókòó látijọ́, ọkọ̀ á máa kùn, wọn ò ní lọ síbì kankan. Àárò ọkùnrin yẹn ń sọ ọ́ gidigidi.

Lọ́dún tó kọjá ni Nata pè é pé kó bá òun tà á. Ó ní ta ló tún fẹ́ máa wa irú ẹ̀. Ìbíyínká wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ní bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, kí ni Nata tún ní níbí tó máa mú un wálé?

Ló bá dọ́gbọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ra ọkọ̀ máa ń fẹ́ kí ẹni tó ni ín gbọ́wọ́ lé e, kó ṣàdúrà, kó tó gbé e lọ. Ìbíyínká fi iyọ̀ sí i: ó sọ fún Nata pé gbogbo ẹni tó wá rà á ló ní àfi kó wá fúnra rẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn tó wá ò tiẹ̀ mẹ́nu ba àdúrà, òun ló lé wọn. Nata ní òun á wá lọ́dún Àjíǹde. Ìbíyínká kun ilé, ó rán búbà tuntun. Nata ò wá. Ó tún ní ó di Kérésìmesì. Kérésìmesì dé, orí fóònù ló ti kí wa. Inú bí mi, àmọ́ Ìbíyínká ní kí n má bú u.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Lábọ̀dé, oníṣímẹ́ńtì kan láti ìlú Afin, wá wo ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀, owó ò sì já a láyà. Kí Ìbíyínká tó lanu, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní òun ò ní gbé ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí láìgba àdúrà lẹ́nu ẹni tó ni ín. Irọ́ obìnrin yìí di òótọ́. Ó sáré pe Nata, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́ o, àfi kó máa bọ̀.

Nata rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tẹ sípíkà fóònù, kó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

A dúró yí ọkọ̀ ká, èmi, Joseph, Lábọ̀dé àti Ìbíyínká. Ohùn Nata ti di ohùn àgbàlagbà. Ó ṣàdúrà dáadáa: àlọ ire, àbọ̀ ire, ọkọ̀ ò ní mu ẹ̀jẹ̀. Àwa ń ṣe àmín, Ìbíyínká ń wo fóònù bí ẹni pé èèyàn fẹ́ tibẹ̀ jáde.

Lábọ̀dé yíjú sí i. "Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn tọ́jú ẹ, ẹ ṣe tiyín náà."

Ìbíyínká gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn apá ọ̀tún.

"Kí ọkọ̀ yìí má gbé yín lọ síbi tí àárò ilé ò ti ní í sọ yín mọ́."

A ní àmín. Ti Nata ló ròkè jù, láti inú fóònù.

"Yínká," ó ní, "ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Ọkọ̀ ni mo ṣàdúrà fún, Bọ̀dá Nata. Ẹ sì ti ṣàmín." Ó pa fóònù.

Lábọ̀dé gbé ọkọ̀ lọ. Apá Afin ló yà sí, kò gba ọ̀nà Ọ̀kà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìbíyínká jáde lásìkò tí Joseph máa ń dé, ó dúró lábẹ́ àtíbàbà, ó ká tapólì mọ́ abíyá. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu mi ò gbà á. Mo gbé àga kan síbẹ̀ fún un, lápá ọ̀tún. Ó jókòó, ó wá sunkún.