Ìbọn Kékeré Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ọdún tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ra ìbọn náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kan tó ń kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Ó pààrà ọ́fíìsì títí tó fi rí ìwé àṣẹ gbà, kó tó gbé e wọlé wa ní Ìkirè. Nígbà tó tú aṣọ tó fi wé e, ẹ̀rín ló pa mí. Ìbọn tí mo mọ̀ láti kékeré ni ṣakabùlà àwọn ọdẹ, èyí tó máa ń dún bí ẹni pé ilé wó. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ọta rẹ̀ kò sì ju orí ọmọńdinrín ìka mi lọ.

"Dádì, ṣé eku ilé lẹ fẹ́ máa fi pa ni?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, Màmá. Àwọn tó ń jẹ kòkó wa."

Òótọ́ ló sọ. Oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà ní apá Àpòmù, bí èèyàn bá ya kúrò lójú títì tó lọ sí Ìkòyí. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí kòkó ibẹ̀ pọ́n tán. Wọ́n á dá ihò sí i lára, wọ́n á fa inú rẹ̀ jáde, ìyókù á sì jẹrà mọ́ igi. Ìbọn ńlá kò bá ọkọ mi lára mu, nítorí etí rẹ̀ òsì ti ń dùn ún, ariwo kò sì dára fún un. Ìbọn kékeré yìí kì í pariwo. Bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́ ni ó máa ń dún.

Oúnjẹ ni mo gbé lọ fún un lóko lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo fi bá a níbi tó ti to agolo mílíìkì sórí ìtì igi, tó ń fi wọ́n dán ojú rẹ̀ wò. Ó ní kí n wá yìn ín. Mo ní kí ni èmi fẹ́ fi ìbọn ṣe. Ó ní kí n ṣáà wá. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó fi ìdí ìbọn náà tì mí léjìká.

"Má fún un pa. Mí sínú, tu díẹ̀ síta, kí o wá dúró síbẹ̀. Ó yá, fà á jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa òwú gba ojú abẹ́rẹ́."

Èyí tí mo kọ́kọ́ yìn lọ sínú igbó. Èyí tó tẹ̀ lé e, agolo fò sókè, ó yí gbirigbiri wálẹ̀. Igbe tí mo ké, ọkọ mi ní wọ́n gbọ́ ọ dé Wásinmi. Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, mo di ìró mi mú, mo ń jó yí ìtì igi ká.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé tí òkú tàbí ìgbéyàwó kò bá gbé wa jáde, oko là ń lọ. A ó ra dòdò lẹ́bàá títì, a ó jẹ ẹ́ tán kí a tó débẹ̀, a ó wá máa yìnbọn títí ọta tí a kó wá fi tán. Mo fẹ́ràn irin kékeré tí a máa ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé, bó ṣe máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Mo fẹ́ràn òórùn òróró tí a fi ń nù ún. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà kí a tó fà á. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ń pè mí, tàbí èmi ni mo ń pariwo mọ́ ẹnì kan. Nínú oko yẹn, bí mo bá ti fi ojú lé ìbọn, n kò jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni, n kò jẹ́ tíṣà ẹnikẹ́ni. Èmi àti agolo ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tí mo pa kò tó nǹkan. Ọkọ mi ló ń lépa wọn. Èmi fẹ́ràn agolo, mo sì fẹ́ràn kí ó lọ gbé e sí ọ̀ọ́kán kí n tún bà á. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìbọn yìn ju òun gan-an lọ. Ẹlòmíì ìbá bínú. Ṣe ló ń fi mí yangàn káàkiri àdúgbò.

"Ẹ má bá ìyàwó mi jà o. Ojú tó fi ń ríran, ẹ̀yin ò ní in."

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé mo ń yìnbọn, pé kò yẹ ìyá nínú ìjọ. Mo ní bó bá fẹ́, kí ó tẹ̀ lé mi ní Sátidé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó ní òun máa ronú sí i.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọkọ mi. Ó wẹ̀ tán láàárọ̀, ó jókòó láti wọ ìbọ̀sẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Erùpẹ̀ ibojì rẹ̀ kò tíì gbẹ tí àbúrò rẹ̀ fi dé láti Àpòmù pẹ̀lú àgbà méjì nínú ẹbí. Èmi ìyàwó ilé, "Ọkọ mi" ni mo máa ń pe àbúrò yìí, bí mo tilẹ̀ bí àkọ́bí mi kí òun tó jáde ìwé mẹ́wàá. Wọ́n kí mi kú ará fẹ́ra kù, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn náà ni àbúrò náà ní, "Ìyàwó wa, a fẹ́ gbé ìbọn Bọ̀ọ̀dá."

Mo ní, "Ọkọ mi, orúkọ wọn ló wà nínú ìwé àṣẹ. Ó yẹ ká dá a padà fún ọlọ́pàá ni. Bí ìjọba bá sì gbà, èmi náà á tọrọ àṣẹ tèmi."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Àṣẹ tìẹ? Obìnrin wo lo rí tó jogún ìbọn rí?"

"Èmi àti wọn la jọ ń yìn ín, Bàbá."

"A gbọ́. Ara ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Ọkọ rẹ ló kẹ́ ọ bà jẹ́."

Mo wọ yàrá lọ, mo pe ọmọ mi ọkùnrin lórí fóònù l'Ábújá. Mo rò pé á ní kí n gbé fóònù fún wọn kí òun bá wọn sọ̀rọ̀. "Mọ́mì," ó ní, "ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ jàre. Ìbọn lásán-làsàn. Ẹ má fi ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí." Mo pa fóònù. Mo gbé ìbọn náà jáde, mo sì fún wọn. Mo na ìgò òróró náà sí wọn pẹ̀lú aṣọ tí a fi ń nù ún, wọn kò gbà á. Kò sí ẹni tó bi mí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ká ní ọlọ́pàá ni wọ́n gbé e fún, màá sunkún, màá sì gbà. Òfin ni. Ṣùgbọ́n gbogbo Àpòmù ni àbúrò ọkọ mi ń gbé e kiri. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ná ọjà ibẹ̀ sọ fún mi pé ó ń wá alágbẹ̀dẹ tó máa bá òun fẹ ẹnu rẹ̀ sí i, kó lè gba kàtíríìjì ìbọn ńlá. N kò lè sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù.

Iwájú ilé ló jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i níṣojú wọn.

"Ọkọ mi, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fẹ ẹnu ìbọn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Irin rẹ̀ kò nípọn tó. Ó máa bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan. Ìyàwó ilé wa fẹ́ kọ́ mi ní ìbọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi. "Ọta bí èso àgbàdo, kí ló fẹ́ pa? Ẹ máa lọlé, Ìyàwó wa. Ẹ lọ máa fi rọ́bà ta agolo."

Alágbẹ̀dẹ kan ní Gbọ̀ngán bá a ṣe é. Ẹtu ni wọ́n ní ó yìn ín sí níjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wọ igbó. Ìbọn náà fọ́ láti àárín. Ó gbé ìka mẹ́ta lọ lọ́wọ́ rẹ̀ òsì, ó sì jó o lẹ́rẹ̀kẹ́.

Mo lọ kí i ní ọsibítù, wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹbí ránṣẹ́ pè mí. Palọ̀ kún. Àgbà tó bá mi sọ̀rọ̀ níjọ́sí náà ló tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹnu rẹ la ti gbọ́ ọ. Níwájú ilé rẹ̀, níṣojú èèyàn, o ní ó máa bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sì bẹ́."

"Bàbá, mo kìlọ̀ fún wọn ni. Ẹni tó mọ ìbọn yẹn á mọ̀ pé irin rẹ̀ kò lè gbà á."

"Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ, inú bí ọ, o ṣépè. Omi nìyí. Bu sẹ́nu, kí o sú ìre fún un, kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

Mo wo omi náà nínú igbá. Bí mo bá bu ú sẹ́nu, mo ti gbà pé èmi ni. Mo ní n kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní tú ohun tí n kò dì. Ariwo ta. Ọ̀kan ní àjẹ́ ni mí, òmíràn ní bóyá èmi náà ni mo pa ọkọ mi. Mo jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi kan, ìyá arúgbó, tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo mọ̀ pé o ò ṣe é," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìwọ, àbúrò ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ló máa jẹ̀bi, a ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó padà wọlé lọ jókòó láàárín wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dé oko mọ́. Ọmọ mi tún ní kí n fi sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, àbúrò ọkọ mi dá wá sílé mi ní Ìkirè. Ó ti rù. Ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sábẹ́ agbádá. Mo gbé omi fún un, mo sì jókòó.

"Ìyàwó wa," ó ní, "àwọn ìka tí kò sí mọ́ yẹn, wọ́n ń jó mi. Lóru, bí ẹni pé mo ki ọwọ́ bọ iná. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tú mi sílẹ̀."

Inú mi kọ́kọ́ yọ́. Mo sọ fún un pé àwọn dókítà mọ irú ìrora bẹ́ẹ̀, pé oògùn rẹ̀ wà, pé kí ó padà sí ọsibítù. "Ọkọ mi, irin ni. Irin ni kò nípọn tó. Èmi ò ṣe nǹkan kan."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe," ó ní, ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Omi tí mo gbé fún un wà lórí tábìlì. Kò fẹnu kàn án. Ẹ̀rù mi ló ń bà á. Mo gbé e, mo dà á sẹ́yìnkùlé.