Ọdún Tí Mo Fọ̀ Nù Lára Owó Bàbà

Mo kéré nígbà náà, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, nígbà tí bàbá mi mú mi lọ ra àgbò ní Sábó. Baba tó ta àgbò náà fi owó bàbà àtijọ́ kan ta mí lọ́rẹ. Ó ní ọ̀nà Mẹ́kà ni òun ti rí i. Ó nípọn, ó dúdú, lẹ́tà M ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mú un lọ síléèwé. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí tẹ́ ìwé lé e, ó ń fi pẹ́ńsù pa á títí àwòrán rẹ̀ fi jáde. Tísà wa ní kí n mú owó náà wá fún òun lọ́jọ́ kejì. Èmi náà fẹ́ kó dán. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ẹ̀yìn rẹ̀, bí ìyá mi ṣe ń fọ abọ́ idẹ, mo tún wá fi yanrìn kún un.

Tísà yí i síwá sẹ́yìn. "Owó Bisantíọ̀mù ni, ìjọba Róòmù ti ìlà-oòrùn láyé àtijọ́, tí wọ́n ń sọ èdè Gíríìkì. Orúkọ ọba wọn rèé níwájú. M yìí, ogójì ni lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì: owó wẹ́wẹ́ ogójì ló wà nínú ẹyọ kan. CON tó wà nísàlẹ̀, Kọnsitantinópù ni, níbi tí wọ́n ti rọ ọ́. Apá ọ̀tún ló yẹ kó sọ iye ọdún tí ọba ti lò lórí oyè, bí àwọn bàbá yín ṣe máa ń ní ìgbà ọba báyìí-báyìí ni wọ́n bí àwọn." Ó wò mí. "Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́, sà. Àti yanrìn."

"O ti fọ ọdún nù nìyẹn."

Ọmọbìnrin yẹn ní ó wà nínú ìwé òun. Ó tú báàgì rẹ̀ títí, kò rí ìwé. A ní irọ́ ló ń pa.

Òun ni mo padà fẹ́. Títí a fi darúgbó, bí mo bá mú owó náà jáde, á ní, "Ó wà níbìkan."

"Irọ́ ni, ìyá àwọn ọmọ." Á rẹ́rìn-ín.

Ó kú lọ́dún yìí. Láàárọ̀ òní, mo ń tú àpótí rẹ̀, mo rí ìwé náà lábẹ́ àwọn ìró rẹ̀. M rèé. Lápá ọ̀tún, X kan, I mẹ́ta: ọdún kẹtàlá ọba náà lórí oyè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù lẹ fi ń ya nǹkan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Pẹ́ńsù ni tiwa, ó sì tó. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ nínú ilé yìí pé, "Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ lo jàre."