Ìbọn Tí Mo Jowú Rẹ̀

Òórùn òróró ìbọn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ti ronú kan ilé tí a háyà sí Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ó jọ òórùn kẹrosíìnì díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè lọ bíi ti kẹrosíìnì. A máa wà lára ìrọ̀rí, a máa wà lára aṣọ ìbora, mo sì ti gbọ́ ọ lára ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi rí. Olùkọ́ ni ọkọ mi, olùkọ́ ni èmi náà, ṣùgbọ́n agboolé ọdẹ ni wọ́n ti bí i ní Ẹmùré, ṣọ́ọ̀kì kò sì lè yọ ìgbẹ́ kúrò lára rẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí itan, yóò gbé ìbọn náà lé e, yóò sì máa fi òwú nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo lè wé gèlè, kí n kọjá níwájú rẹ̀, kí n tún padà kọjá, kò ní gbójú sókè. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ bá fẹ́, èmi jowú ìbọn.

Kò sì yẹ kí ó jẹ́ irú ìbọn yẹn rárá. Àwa méjèèjì la jọ dá àjọ, a sì ti fẹnu kò pé bí a bá kó o, òun yóò ra ìbọn ẹlẹ́nu kan tó mọ níwọ̀n, èmi yóò fi ìyókù ra fírísà tí n ó máa fi ta ẹja àti omi tútù níwájú ilé. Mo ti ya ibi tí fírísà yóò dúró sí sọ́tọ̀, mo ti gbá a, mo ti fi bíríkì mẹ́rin tẹ́ ẹ. Ọkọ mi lọ sí Adó láàárọ̀, ó dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ṣe lókè òkun, nínú àpótí aláwọ tó dára ju báàgì tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Mo ní, "Dádì, fírísà ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń ra irú èyí láyé."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi: bí igi ìdí rẹ̀ ṣe dán, bí ó ṣe ń dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó bá pa á dé, pé irin rẹ̀ kì í ṣe páìpù tí alágbẹ̀dẹ gé lára ọkọ̀ tó ti kú. Mo bi í bóyá ìgalà tí ìbọn olówó ńlá bá pa máa ń dùn lọ́bẹ̀ ju èyí tí ìbọn àgbẹ̀dẹ pa lọ. Ó ń gba ihò ìbọn wo ojú ọ̀run, inú rẹ̀ ń dùn, mi ò sì rántí ìgbà tí ó wo èmi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Èmi ìyàwó ọdẹ tí kò yẹ kí ẹran wọ́n, àyà mi ló gbẹ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń gbé inú agboolé wọn ní Ẹmùré, ìbọn àgbẹ̀dẹ ló ń lò láti ìgbà ọ̀dọ́, ọ̀yà kò sì wọ́n nílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní ìyálé mi, máa ń ta ẹran gbígbẹ débi pé ó ti fi páànù tuntun kan ilé ìdáná rẹ̀. Bí a bá lọ kí wọn, yóò fi ọbẹ̀ ìgbín lọ̀ mí, yóò ní, "Ùyàwó, ẹ ti ra ubọn òyìnbó, ẹran dà?" Gbogbo wa yóò rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ẹ̀rín mi kì í dé ọ̀fun.

Ní agboolé wọn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí wọ́n bá fẹ́ jó ìgbẹ́, gbogbo ọkùnrin ilé ló ń lọ, ọmọ tó wà ní Àkúrẹ́ yóò wá, èyí tó wà ní Adó yóò wá. Àṣà wọn ni pé lọ́jọ́ náà, àgbà ilé ló ń gbé ìbọn tó bá dára jù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ló rà á. Àbúrò yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé tirẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, yóò sì gba ti ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tí a ra ìbọn náà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ tí a ti ń lọ ata, mo ń wo ọkọ mi tó kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìbọn náà, ó gbé e léjìká, ó rìn síwájú, àwọn obìnrin sì ń kì í. Ìyálé mi nà tàntàn bí ẹni pé òun ló ra nǹkan ọ̀hún. Mo ní nínú mi pé, ó dára náà, fírísà mi ló ń lọ sígbó yẹn.

A ti rí èéfín tó ń lọ sókè lápá ibi tí wọ́n lọ. A gbọ́ ìró ìbọn kan, ó mọ́, ó ṣe gààrà. A tún gbọ́ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ tí ìró rẹ̀ kò bọ́ sí i, tó dún bí ìgbà tí nǹkan fọ́. Àwọn àgbà obìnrin ká ọwọ́ lérí. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn kan gbé ìgalà ńlá sórí igi, àwọn kan sì di ọkọ mi mú lápá. Ìbọn àgbẹ̀dẹ ti bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti bọ́ aṣọ rẹ̀ wé ọwọ́ òsì, aṣọ náà ti rẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e kò ṣeé dá padà.

Ìyálé mi gbé itan ìgalà wá bá wa lọ́sibítù, gẹ́gẹ́ bí ìpín ẹni tó ni ìbọn. Ó sunkún, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń nu ojú ló ń sọ pé, "Tíṣà ló rọ ẹ̀tù jù. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀tù." Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ọta katiríìjì tí wọ́n ti di ẹ̀tù sínú rẹ̀ láti òkè òkun ló ti mọ́ ọn lára. Mo wo ọwọ́ ìyálé mi, mo wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń ka ìka rẹ̀ láìfẹ́ kà á. Owú tí mo ti ń jẹ lórí ìbọn tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó gbé mi lọ́jọ́ náà.

Ìbọn wa kò padà sílé. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó ṣì wà lọ́dọ̀ òun títí ara àbúrò òun yóò fi yá. Ara yá, kò sẹ́ni tó gbé e wá. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé òun kò lè gbé e dúró mọ́. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹmùré, mo bá ìyálé mi nìkan nílé, ó ń yan ẹran. Mo kí i, mo ní mo wá gba ìbọn wa.

Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú àpótí aláwọ náà. Ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wa, ṣùgbọ́n kò mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ùyàwó, ubọn àgbẹ̀dẹ lọkọ mi tún máa padà sí. Kò níṣẹ́ mìíràn. Ṣé o fẹ́ kí ọwọ́ ọkọ tèmi náà lọ ni?"

Mo fẹ́ ẹ. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ ẹ, kí a lè jọ rí bákan náà. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, kò sì bínú. Ó kàn ń dúró. Mo mu omi tó bù fún mi, mo dìde, mo fi àpótí náà sílẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́. Lójú ọ̀nà, mo sunkún débi pé awakọ̀ bi mí bóyá ọlọ́fọ̀ ni mo lọ kí.

Títí dòní, bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa bá ń jiyàn bóyá ó tọ́ kí èèyàn náwó lé ìbọn òkè òkun nígbà tí tàgbẹ̀dẹ wà, wọ́n á bi mí, torí wọ́n mọ ilé tí mo ti wá. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó tọ́. Owó wa kò ṣòfò rárá. Ó ra ọwọ́ méjì tó pé fún ọkùnrin kan ní Ẹmùré, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbádùn wọn. Ohun tí mi ò tíì lè dárí rẹ̀ jì ni pé ọkùnrin náà kì í ṣe ọkọ mi.