Àrìnpé Télọ̀ Gun Òkè, Ó Sì Dé Òkun

Ẹ súnmọ́ ibí, kí ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí máṣíìnì ìránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ so mọ́lẹ̀ ni, obìnrin tí kò gun òkè rí, tí kò rí òkun rí, tó wá pinnu pé kí ọlidé kan ṣoṣo tó parí, òun yóò fojú rí méjèèjì.

Àrìnpé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò rélùwéè ní Ọ̀fà, Ìyá Télọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Aṣọ ilé-ìwé ni iṣẹ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá rí ọmọ kan tó ń kọjá lọ láàárọ̀, tí kọ́là ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ṣòkòtò rẹ̀ kò sì ya ní ìdí kí táàmù tó parí, ọwọ́ Àrìnpé ló ti jáde. Máṣíìnì rẹ̀ kò mọ iná mànàmáná. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, gìrígìrí, gìrígìrí, láti ọjọ́ tó ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Télọ̀ aṣọ ilé-ìwé kì í sì í ní ọlidé. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé gígùn, tí ìyá àti bàbá wọn ń kó wọn lọ gba atẹ́gùn ní ìlú ibòmíràn, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ máa ń wọ Àrìnpé lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni nígbà ayé rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni òun àti ará ilé rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Lọ́dọọdún ni bàbá náà á sọ pé, "Àrìnpé, dìde, jẹ́ á lọ wo òkun l'Ékòó." Lọ́dọọdún ni Àrìnpé á dáhùn pé, "Bàbá Ọlábámijí, ẹ jẹ́ n parí yunifọ́ọ̀mù yìí ná." Yunifọ́ọ̀mù ò tán. Ọkọ ló lọ.

Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ló ti ń gbọ́ òkìkí òkè àti òkun. Lábẹ́ òṣùpá, nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, kò sí àlọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà á pa tí kò ní gba orí òkè kan tàbí etí òkun kan kọjá. Ìjàpá á gun òkè, ọmọ ọba á já sínú òkun, Àrìnpé á la ẹnu sílẹ̀, á máa gbe orin. Ó ń gbe orin ohun tí kò mọ bó ṣe rí.

Ní ọlidé ọdún tí à ń wí yìí, Ayọ̀dàmọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́, tó ń gbé ilé kejì sí tirẹ̀, dábàá pé kí àwọn ará àdúgbò yé fi òpin ọ̀sẹ̀ sùn bí ẹni tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun. Ó ní kí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì. Sátidé kan, wọn yóò gun òkè ní Ìdànrè; Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, wọn yóò lọ sí etí òkun l'Ékòó. Ó wá kan ilẹ̀kùn Àrìnpé.

"Mọ́mì, mo ti mú àyè sílẹ̀ fún yín o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò."

"Wíńdò ibo? Ta ló fẹ́ bá mi rán aṣọ?"

"Sátidé nìkan ni, Mọ́mì. Aṣọ kò ní ẹsẹ̀, ẹ máa padà wá bá a."

Àrìnpé la ẹnu láti sọ pé kí ó jẹ́ kí òun parí yunifọ́ọ̀mù ná. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ó dáa," ló wí, "mò ń lọ."

Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Ìyá Habeeb, oníbàárà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wá wo aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀. Àrìnpé ń fi píìnì mú etí aṣọ, ó sì fi ètè há àwọn píìnì yòókù bí gbogbo télọ̀ ti í ṣe.

"Ìyá Télọ̀, kí lẹ̀ ń sáré báyìí sí? Ẹ fẹ́ rìnrìn-àjò ni?"

Àrìnpé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin? Ìrìn-àjò? Níbo?"

"Òkè..." ni Àrìnpé fi ètè dídì wí. Píìnì kan fẹ́ já bọ́, ó fi ahọ́n gbé e padà, "...òkun."

Kí ó tó tu píìnì sílẹ̀ kí ó ṣàlàyé pé Sátidé yìí ni òkè, Sátidé tó ń bọ̀ ni òkun, Ìyá Habeeb ti wà lórí ọ̀kadà. Kí oòrùn tó yí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́: Ìyá Télọ̀ ń lọ sí òkè òkun! Ọlábámijí, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà, ti ránṣẹ́ pè é, kò sì ní padà mọ́. Ẹnì kan ní òun rí báàgì rẹ̀. Alhaja kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ wá fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní kí ó bá òun mú kóòtù òtútù bọ̀. Ọlábámijí fúnra rẹ̀ pè lórí fóònù, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ ò sì sọ fún mi?"

Àrìnpé rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. "Ìyá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní aṣọ ọmọ mi." "Ẹ má bínú, ẹ kó tèmi náà fún mi." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Mìsíìsì Adétóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yìí ló ni ilé-ìwé aládàáni ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ gan-an ni Àrìnpé fi ń jẹun láti ọlidé dé ọlidé. Tí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ parí nìyẹn.

"Màmá, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ sí òkè òkun."

"Irọ́ ni, Ọ̀gá wa. Òkè àti òkun ni mo wí. Òkè Ìdànrè ni Sátidé yìí, etí òkun l'Ékòó ni Sátidé kejì. Ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, mo ti wà ní ìdí iṣẹ́."

Mìsíìsì Adétóyè fọwọ́ lérí. "Ha! Òkè òkun ì bá tún sàn! Inú ọkọ̀ òfúrufú ni ẹ ó jókòó sí jẹ́jẹ́. Òkè Ìdànrè, ẹ̀yin, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín? Ẹsẹ̀ wo lẹ máa fi tẹ máṣíìnì lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹsẹ̀ yìí náà ni, Ọ̀gá wa."

"Mi ò bá yín jà o. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá yà síbí. Tí mi ò bá gbọ́ ìró máṣíìnì yín, màá kó gbogbo aṣọ mi fún Gbádé."

Gbádé ni télọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní òdìkejì títì. Máṣíìnì oníná ló ń lò. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, tó bá sì ń ránṣọ, á máa fi ẹsẹ̀ kejì jó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé òun náà lọ gba àyè nínú bọ́ọ̀sì.

"Ìyá Télọ̀, mò ń bá yín lọ o!" ló kígbe. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé yín sọ̀ kalẹ̀!"

"Ọmọ mi, o ṣeun," ni Àrìnpé dá a lóhùn. "Ṣáà jẹun dáadáa kí o tó máa bọ̀."

Àrìnpé lè jókòó sílé. Ta ni ì bá dá a lẹ́bi? Ó ro ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó ti ń rán aṣọ, bó ti ń fi eyín gé òwú dànù. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó ní ọdún yìí, ọdún wo ni yóò dìde?

Kùtùkùtù Sátidé ni bọ́ọ̀sì gbéra. Wọ́n gba Ìkìrun, wọ́n gba Òṣogbo, wọ́n já sí Iléṣà, wọ́n kọjá Àkúrẹ́. Lójijì ni ọ̀nà yà, àwọn òkúta sì yọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkúta kọ́ nìyẹn! Wọ́n dúdú, wọ́n rí ràgàjì, ìkùukùu wé mọ́ wọn lórí bíi gèlè. Àrìnpé la ẹnu sílẹ̀. Bàrnábà dẹ́rẹ́bà ń wò ó nínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹnu yín o, eṣinṣin wà níbí."

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì ni wọ́n mọ gba ẹ̀gbẹ́ òkúta lọ sókè, ó pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kà lọ. Gbádé sáré gùn ún bí ewúrẹ́, ó ń fi fóònù ya ara rẹ̀. Àrìnpé so ìró rẹ̀ le, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì. Kò sáré, kò sì dúró. Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ irin máṣíìnì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọdún wọlé, ọdún jáde, kò mọ̀ pé òkè lòun ń gùn. Ó rò pé iṣẹ́ ló dé. Gìrígìrí, gìrígìrí. Àrìnpé wí fún ara rẹ̀ pé, "Aṣọ ni mò ń rán. Etí ìsàlẹ̀ ni mo wà, ọrùn ni mò ń lọ."

Ní ìdajì ọ̀nà, wọ́n bá Gbádé lórí òkúta kan, ó jókòó gbalaja, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ìyá Télọ̀," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "mo kàn ní kí n dúró dè yín ni."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa. Máa dúró lọ."

Gbogbo èrò bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n kọjá rẹ̀ tí òjò wínníwínní fi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, àtẹ̀gùn sì ga sí i. Ni orúnkún òsì Àrìnpé bá dún kẹ́rẹ́. Ìrora gùn ún dé itan. Ó dúró. Ojú rẹ̀ lọ sí ọjọ́ Ajé, ó rí ọkọ̀ Mìsíìsì Adétóyè, ó rí àwọn aṣọ tí wọ́n ń kó sọdá títì.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ á padà," ni Ayọ̀dàmọ́lá wí. "Ibi tí a dé yìí tó."

Àrìnpé ń wo àtẹ̀gùn náà. Gbogbo télọ̀ ló mọ ibì kan lára ṣòkòtò, níbi tí ìránpọ̀ mẹ́rin ti pàdé ní ìdí, tí aṣọ ki bí awọ. Tí o bá fi agbára wọ ibẹ̀, abẹ́rẹ́ á kán. Tí o bá dúró, ojú ìránpọ̀ á ya. Ńṣe ni wọ́n ń rọra tẹ̀ ẹ́, kí abẹ́rẹ́ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí aṣọ á fi fẹ́lẹ́ padà.

"Ibi tó ki ni a dé," ló sọ fún Ayọ̀dàmọ́lá. "Fún mi lọ́wọ́."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó mí. Ó gbé ìkejì, ó mí. Orúnkún ń ráhùn, ó ń rọ̀ ọ́ bí ẹni rọ ọmọ tó ń sunkún. Nígbà tó yá, orúnkún náà gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀gùn tán, ilẹ̀ tẹ́, ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Nísàlẹ̀, àwọn ilé rí bíi bọ́tìnnì tí ẹnì kan dà sórí aṣọ àwọ̀ ewé.

Àrìnpé na ọwọ́ sókè. "Àrìnpé o!" ló kígbe.

Àwọn òkúta dá a lóhùn: "Àrìnpé o! ...pé o!"

Ó tún kígbe, wọ́n tún jẹ́. Ẹnu ya àwọn àlejò mìíràn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un láìmọ̀ ọ́n rí.

A ò ní purọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo ara ro ó. Itan rẹ̀ le bíi pákó. Ó fi omi gbígbóná jó o, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé irin. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ mú omi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó fi rán apá aṣọ kan tán, ẹsẹ̀ ti rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Mìsíìsì Adétóyè bá a. Ó ti ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti kó aṣọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí, gìrígìrí, gìrígìrí, ó yọjú.

"Màmá! Ṣé ẹ dé òkè ni àbí ẹ padà?"

"Mo dé e, Ọ̀gá wa. Ẹ bi Gbádé."

Àwọn méjèèjì wo òdìkejì títì. Ṣọ́ọ̀bù Gbádé wà ní títì pa. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin náà fi yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó di ògiri mú, ó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kúkúrú kan ṣoṣo.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ló wí. "Ìyá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń pa ẹsẹ̀?"

Mìsíìsì Adétóyè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà. Ó ti búùtù rẹ̀ pa. Ó ní aṣọ eré ìdárayá àwọn ọmọ náà, tó ti fẹ́ gbé lọ sí Ìlọrin, Àrìnpé ni kí ó rán an. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, òkun tí ẹ̀ ń lọ wò yìí... mo ti ń lọ sí Èkó tipẹ́, mi ò súnmọ́ ọn rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

"Ẹ jẹ́ á jọ lọ, Ọ̀gá wa."

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbéra, wọ́n sùn sí Èkó. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́ kedere, wọ́n bọ́ sórí iyanrìn. Ariwo rẹ̀ ni Àrìnpé kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni omi náà tẹ́ rẹrẹ lọ títí ó fi pàdé sánmà. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó bọ́ sínú omi. Mìsíìsì Adétóyè tẹ̀ lé e, ó di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn gírígírí.

"Màmá, ẹ má fi mí sílẹ̀! Ó ń bọ̀!"

"Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, Ọ̀gá wa. Ẹ má sá fún un."

Ìgbì náà dé, ó fọ́ mọ́ wọn lára, ó fẹ́ fa iyanrìn yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mìsíìsì Adétóyè han gooro. Àrìnpé kò mì. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò létè, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin.

"Òmíràn tún ń bọ̀!" ló kígbe, ó sì gbá ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ mú. "Ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀ síwájú!"