Ìka Tó Ń Sọ̀rọ̀ Jù

Mo rántí ìgbà tí ìka ọwọ́ mi kì í sinmi. Mo ń kọ́ṣẹ́ wáyà ní ibùdókọ̀ rélùweè Òkukù, bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ìró kúkúrú àti ìró gígùn, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, títí yóò fi dé Ìkìrun. Ọ̀gá mi ní gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo bá rí ni kí n máa fi ìka tẹ̀. Mo tẹ̀lé àṣẹ ọ̀gá ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ara páálí bisikíìtì, mo tẹ ti ara ọkọ̀, mo ń kan ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì gbọ̀ngbọ̀n títí ìyá mi fi gbá mi lọ́wọ́.

Tíṣà kan wà ní Ìnísà, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́; ìgbà yẹn náà ni mo lọ fojú han bàbá rẹ̀. Ó ti sọ fún mi gbangba pé bí bàbá òun bá kọ̀, ó parí nìyẹn. Ó tún ní bàbá òun ṣiṣẹ́ rélùweè rí lókè Ọya. Mo rò pé ojú irin ni wọ́n ń tún ṣe. N kò béèrè.

Bàbá sọ̀rọ̀ iṣu, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjà ilẹ̀ kan láti ìgbà bàbá bàbá wọn. Ẹnu mi ń wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ìka mi ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì sí apá àga: bàbá yìí ń sọ̀rọ̀ jù. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá dákẹ́. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n fi kan sìmẹ́ńtì jẹ́jẹ́, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Yéè! Iṣẹ́ wáyà ni bàbá ṣe lókè Ọya. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èmi ò tilẹ̀ fẹnu sọ ọ́ tí tèmi fi fọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ wọn gbé omi wọlé, ó ní kí ló dé.

“Ó ń kí mi ni,” bàbá wí, wọ́n sì padà sórí ìjà ilẹ̀. Mo gbọ́ ọ tán pátá. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kí n mú àwọn ẹbí mi wá. “Ìwọ náà, máa wá dáadáa. Kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ èdè yẹn nílé yìí.”

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àìsàn gba ohùn lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń sunkún pé bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo di ọwọ́ wọn mú, ìka wọn sì ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi: ṣé mo ti dákẹ́ tó báyìí? N kò lè tẹ èsì kankan títí bàbá fi dágbére fáyé.

Wọ́n ti ká wáyà Òkukù kúrò tipẹ́. Àga bàbá wà ní pálọ̀ mi. Ìyàwó mi máa ń ní kí n jẹ́ kí ọwọ́ mi sinmi lára àga náà, kò mọ ohun tí mò ń tẹ̀: ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ, sà.